Ọ̀gá Tó Fòfin De Ẹ Káàárọ̀

Òtútù kì í mú ní Sango-Ọ̀tà. Ẹ jẹ́ kí á fẹnu kò lórí ìyẹn ná kí ìtàn yìí tó gbéra. Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, oòrùn ń ta mọ́ páànù débi pé ológbò ò lè gba orí òrùlé kọjá, omi inú dúrọ́ọ̀mù sì gbóná tó èyí téèyàn fi ń tẹ ẹ̀bà. Inú oòrùn yìí gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé Fákọ̀yà, mánéjà àgbà ilé iṣẹ́ oníke kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Joju, ti wọ súwẹ́tà onírun àgùntàn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí ọrùn súwẹ́tà náà sì bò ó dé àgbọ̀n.

Àdìzát, olórí alásè kántíìnì, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá géètì. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ibà ni?"

Ọ̀gá ò dá a lóhùn. Ó dúró. Ó wo ọ̀nà jíjìn, níbi tí kò sí nǹkan kan ju tírélà tó ń já ẹrù. Ó na ìka kan sókè. Nígbà tó ti tó àkókò téèyàn lè fi ké Fàtíà tán, ó mí kanlẹ̀, ó sì wọ ọ́fíìsì lọ.

"Kí ló ṣe wọ́n?" Àdìzát bi Fàlílù, ẹ̀ṣọ́ géètì, tó tún jẹ́ ladánì mọ́ṣáláṣí kékeré inú ọgbà.

"Fíìmù ni," Fàlílù dáhùn. "Fíìmù àwọn òyìnbó inú yìnyín. Seth akọ̀wé wọn ní wọn kì í sùn mọ́ nítorí ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ tẹ́nìkan ti bá Fákọ̀yà fi eré ọlọ́pàá àwọn ará Súwídìnì àti Nọ́wè sórí fóònù, ọkàn rẹ̀ ò sí ní Ọ̀tà mọ́. Kí n má sì parọ́ mọ́ eré náà, ó dùn. Wọn á kọ́kọ́ fi adágún omi hàn yín, yìnyín á bo gbogbo ilẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ẹyẹ, ẹ ò ní gbọ́ ajá. Òkú kan á wà létí omi. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí kò rójú sùn á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á wo òkú, á wo omi, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń wòran á ti fẹ́ bọ́ sínú tẹlifíṣọ̀n lọ bi í léèrè. Ilé wọn kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, kọfí wọn kì í tán, kò sì sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí, ọbẹ̀ lè jóná lórí iná, ẹ ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ Fákọ̀yà lọ́kàn níbẹ̀ kì í ṣe òkú, kì í sì í ṣe ẹni tó pa á. Ìdákẹ́jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn ni. Ó rí i pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó ń kí i ẹ kú iṣẹ́ kó tó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti múná wá ládùúgbò yín. Fákọ̀yà wò ó títí, ó ní, ọlá gidi rè é.

Ni ó bá kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí kántíìnì lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé ọ̀hún. Seth, akọ̀wé rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Iṣẹ́ Seth nínú ilé iṣẹ́ yẹn, bí a bá fojú òótọ́ wò ó, kò ju pé kó máa gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá bí ẹni ń gba bọ́ọ̀lù.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́," Fákọ̀yà bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. Àwọn èèyàn ń retí. Fáànù ń yí. "Láti òní lọ." Ó tún dákẹ́. "Kò sí ìkíni mọ́ nínú ọgbà yìí."

"Ìjìnlẹ̀ ni, sà!" Seth ké.

"Mo ti ṣe ìṣirò. Ẹ káàárọ̀ kan ṣoṣo ń jẹ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ káàsán, mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ ò tiẹ̀ ṣeé kà, torí kò lópin. Níbi tí ọ̀làjú ti dé góńgó, èèyàn á wọlé, á jókòó, á béèrè ohun tó fẹ́ béèrè, á sì jáde. Ìkíni ló ń ba ẹ̀rí jẹ́! Ìkíni ló fi ilẹ̀ adúláwọ̀ sẹ́yìn! Ẹni tó bá kí èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ìwé ìkìlọ̀. Ẹni tó bá kí èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, ilé."

"Bí a bá wá pàdé yín lójú ọ̀nà ńkọ́, sà?" bàbá kan bi í láti ẹ̀yìn.

Fákọ̀yà na ìka sókè. Seth ló bá a dáhùn. "Ẹ wolẹ̀. Ẹ sáà máa wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń dùn."

Háà, ẹ ò mọ ohun tí òfin yìí dá sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó jí tí kò kí èèyàn, ọ̀fun rẹ̀ á máa yún un dọ̀sán. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń sá lọ kí ara wọn. Ẹ ó rí àgbà ọkùnrin méjì tí wọ́n fara pamọ́ sẹ́bàá dúrọ́ọ̀mù omi, tí wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé dáadáa la jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?" bí ẹni tó ń ta igbó.

Àdìzát ló jẹ ìyà yẹn jù. Obìnrin tó lè kí èèyàn kú ìdúró, kó kí i kú ìjókòó, kó tún kí i kú afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i lára! Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìkòkò kántíìnì yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Lẹ́yìn Iléyá tó ń bọ̀ ni wọn ó sì so yìgì àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fún ọmọ ìdílé kan ní Àtàn-Ọ̀tà, àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ kí orúkọ wọn kan ẹrẹ̀. Nítorí náà ó pa ẹnu mọ́, ó ń wolẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Iléyá yìí náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Àlàájà Hajarat Àmọ̀dá, ìyá àgbà tó ni ilé iṣẹ́, ti ra àgbò ńlá kan fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì so ó mọ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ilé iṣẹ́ oníke rè é, ẹ má gbàgbé. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kejì, àgbò rí ọ̀rá jẹ, ó jẹ ẹ́ yó. Inú rẹ̀ wú bíi ìlù tí wọ́n fà le, ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè.

Fàlílù sáré wá sí kántíìnì. "Ìyá Kántíìnì, ẹran ń kú lọ o! Bó bá kú fúnra rẹ̀, òkúǹbete ni, ajá ló máa jẹ ẹ́. Àfi ká tètè dúńbú ẹ̀."

"A ò lè fọwọ́ kan ẹran Àlàájà láìgba àṣẹ," Àdìzát wí. Ó fa ìwé kan yọ, kò tilẹ̀ dúró nu ọwọ́, ó kọ ọ́ pé: Àgbò Iléyá ti jẹ ọ̀rá, ó ń kú lọ. A tọrọ àṣẹ láti dúńbú rẹ̀, ká sì pín in fún òṣìṣẹ́. Èmi, Àdìzát, kántíìnì. Àtàǹpàkò rẹ̀ fi epo pupa hàn gbàgàdà ní igun ìwé náà.

Nígbà tó wọ ọ́fíìsì, òtútù éésì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Inú ibẹ̀ dà bí yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Fákọ̀yà jókòó nínú súwẹ́tà, íyápíìsì wà létí rẹ̀ méjèèjì, fóònù dúró níwájú rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan sì ń wo omi lórí afárá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àgbò—"

Ìka gòkè. Kò gbójú sókè. Ó fa ìwé náà, ó fọwọ́ sí i wàràwàrà, ó sì gbé ife kọfí lé e lórí. Seth fi orí júwe fún Àdìzát pé kó máa lọ, ọ̀gá ti gbà.

Bí wọ́n ṣe dúńbú àgbò nìyẹn. Wọ́n tú ọ̀rá inú rẹ̀ dànù, wọ́n sè é, wọ́n pín in. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló fi kan ẹnu. Seth wá gba ẹ̀dọ̀. Àdìzát sì ya itan ọ̀tún sọ́tọ̀, torí ẹni tó fọwọ́ sí i ló ni ín, ó dì í dáadáa, ó fi rán dẹ́rẹ́bà sí ilé ọ̀gá ní Ìtẹ̀lé.

Ìyá Ayọ̀kúnnúmi, ìyàwó Fákọ̀yà, ló sọ ìyókù fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní òun se ẹran náà pẹ̀lú ata rodo, òun gbé e síwájú ọkọ òun, òun ní, "Láti ibi iṣẹ́ yín ni wọ́n ti—" Ìka gòkè. Ó ní ojú ọkọ òun wà lára fíìmù, ọwọ́ rẹ̀ wà lára itan, ó jẹ ẹ́ kan eegun, ó sì fa mùdùnmúdùn inú eegun mu.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àdìzát wẹ̀, ó wé gèlè, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣe wá lóore lánàá, a kì í jí kọjá níwájú rẹ̀ ká má dúpẹ́. Ó mọ̀ pé òfin wà, ṣùgbọ́n ó rò ó pé bóyá ọpẹ́ ò sí nínú ìkíni.

"Ẹ ṣé àná, s—"

"Seth," Fákọ̀yà wí. "Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń kí mi."

"Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, sà. Ìjìnlẹ̀ ni." Kíá, Seth ti kọ ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Èyí tó kù ni ilé. Ká ní Fákọ̀yà jẹ́ kí obìnrin náà parí gbólóhùn kan yẹn ni, ìtàn yìí ì bá ti tán síbẹ̀, ẹ̀ bá sì ti wá nǹkan mìíràn kà.

Ó yíjú sí fèrèsé. Ó rí igi máńgòrò. Ó rí okùn. Kò rí àgbò. Ó dúró níbẹ̀ títí kọfí rẹ̀ fi tutù.

"Seth."

"Sà."

"Ẹnìkan ti kú."

Áà, ẹ wo ayọ̀ lójú ọkùnrin yìí! Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń retí òkú, Ọlọ́run wá fún un ní àgbò. Ó ní kí wọ́n fi okùn yí igi náà ká, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ibẹ̀. Ó gba gaàrí funfun lọ́wọ́ kántíìnì, ó fi ya àwòrán àgbò sílẹ̀ níbi tí òkú ì bá wà. Kí ó tó di ọ̀sán, adìẹ ti ṣa orí òkú náà jẹ. Ó fa ìwé tó súnmọ́ ọn jù lórí tábìlì, ó ya igi máńgòrò, géètì àti kántíìnì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi pínnì kàn án mọ́ àárín ògiri, ó lẹ fọ́tò òṣìṣẹ́ yí i ká, Seth sì fi òwú pupa tó rà lọ́wọ́ télọ̀ so wọ́n mọ́ra. Fọ́tò Àdìzát ni òwú tó pọ̀ jù ń lọ.

Lẹ́yìn náà ló kéde. "Ẹni tó bá jẹ nínú ẹran yìí, alábàáṣepọ̀ ọ̀daràn ni, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́. Àlàájà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lójú wọn ni màá ti dárúkọ olórí apààyàn."

"Apàgbò, sà," Seth wí jẹ́jẹ́.

"Ṣé ìwọ lò ń ṣèwádìí ni?"

"Rárá o, sà. Apààyàn ni. Ìjìnlẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó lè bọ́ yìí ló di gbogbo wọn lẹ́nu. Ó pe wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń sọ pé, "Àgbò wo, sà?" Ọkùnrin kan láti ìdí ẹ̀rọ tiẹ̀ búra pé òun ò fojú kan àgbò rí láyé òun. Fàlílù, tó jẹ́ ladánì, kò lè parọ́. Ohun yòówù tí wọ́n bi í, "Ọlọ́run ló mọ̀ jù" ló ń wí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ bá mi wò ó o. Ilé iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ti jẹ ẹran, ẹnìkan ṣoṣo ni ò mọ ibi tí ẹran wọlé sí, òun náà ló sì jẹ itan. Seth mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti sọ "ìjìnlẹ̀ ni" nígbà igba, báwo ni yóò ṣe wá yí padà wí pé ọ̀gá ṣìṣe?

Lọ́jọ́rú, ó kan Àdìzát. Wọ́n ti fa kọ́tìnnì, wọ́n ti pa iná. Tẹ́lẹ̀, "Ìyá Kántíìnì, ẹ jọ̀ọ́" ni Fákọ̀yà máa ń wí fún un. Súwẹ́tà ti gba ìyẹn náà lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé ìwọ lo ni ìkòkò kántíìnì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o se ẹran lọ́jọ́ Ajé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ—"

Ìka gòkè. Nígbà tí ojú Àdìzát mọ́ òkùnkùn náà, ó wo ògiri. Ó rí ìwé tó wà láàárín. Ó rí àmì ife kọfí róbótó, ó sì rí àtàǹpàkò epo pupa ní igun rẹ̀, méjèèjì ti rin dé ẹ̀yìn ìwé. Ìwé òun ni! Wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri ni!

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé tó wà lára ògiri yẹn, ẹ bá mi yí i—"

"Ṣé mo béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, sà."

"Seth, kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́."

Seth wo ìwé, ó wo Àdìzát, òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Àtàn, obìnrin tó máa ń jókòó ti Àdìzát gbé báàgì rẹ̀ sáàárín wọn. Obìnrin tó jẹ nínú ẹran náà! Kí bọ́ọ̀sì tó dé ibùdókọ̀, ìyá ọkọ ìyàwó ti pè é lórí fóònù. Ó ní àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, àwọn ò sì fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn kọ́kọ́ rí bí ọjọ́ Jímọ̀ ṣe máa rí ná. Àdìzát fi ìbòrí nu ojú. Ó dùn ún wọnú eegun. Iṣẹ́ tó bá bọ́, èèyàn lè wá òmíràn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a fọ orúkọ "ajẹ́ran Iléyá" kúrò lára ọmọ rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀ ni Fákọ̀yà gbé fíìmù náà wá sí kántíìnì lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wá wo bí ọ̀daràn ṣe máa ń jẹ́wọ́. Jùwọ́n tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ń ka ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn.

"Kí ló dé tí wọn kì í tanná?" Fàlílù béèrè. "Ṣé wọ́n já iná wọn ni?"

"Dákẹ́ jọ̀ọ́, òkú ti fẹ́ yọ!" gbogbo wọn pariwo mọ́ ọn.

Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ẹ̀bà ti tutù níwájú gbogbo èèyàn. Àdìzát alára di ìdí ṣíbí mú, kò rántí ìkòkò mọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tòní jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan. Ó lọ sílé opó apẹja kan, ó jókòó sí ìdáná rẹ̀, ó gba kọfí, kò sọ̀rọ̀. Opó náà ń sọ ti ọkọ rẹ̀, ó ń sọ ti ọkọ̀ ojú omi, ó ń sọ ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, ó sáà ń mi orí. Ibi tí opó ti ń rojọ́ ẹsẹ̀ ni òótọ́ ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Àdìzát wí sókè. Ó yí sí Fàlílù. "Ṣé o rí i? Obìnrin yẹn dákẹ́ kó lè gbọ́ ni. Tọ̀gá wa, wọ́n dákẹ́ ká lè rí wọn ni. Súwẹ́tà nìkan ni wọ́n rí rà níbẹ̀, wọn ò ra etí."

Nígbà tí Fákọ̀yà pa fíìmù náà, gbogbo kántíìnì ké pé kó jọ̀ọ́, kó tàn án padà. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Àlàájà Hajarat Àmọ̀dá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó fi orí ru bọ́kẹ́ẹ̀tì kiri Ọ̀tà kó tó di ẹni tó ń ṣe é. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tò síwájú ọ́fíìsì, gbogbo wọn ń wolẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Ìyá àgbà dúró, ó di àyà mú.

"Yéè! Ta ló kú?"

"Àgbò ni, mà," Fákọ̀yà wí.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ṣàlàyé ọ̀làjú, ó ṣàlàyé ẹ̀rí, ó ṣàlàyé Nọ́wè. Ó dákẹ́ níbi mẹ́fà. Ó mú wọn wọ ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ kún ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé. Ó na ọwọ́ sí òwú pupa, ó ní, "Àlàájà, gbogbo ọ̀nà já sí ibì kan. Olórí apààyàn náà nìyí." Ó nàka sí Àdìzát.

Àlàájà wo Àdìzát. "Ìwọ náà, Àdìzát? Ọdún mọ́kànlá, mo wọlé, ìwọ náà ò lè kí mi?"

Ẹ wo ibi tí wọ́n há obìnrin yìí sí. Bó bá kí i, ìkejì nìyẹn, ilé ni. Bí kò bá kí i, olè ni. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ opó apẹja yẹn, níbi ìdáná rẹ̀. Ó tún ìbòrí rẹ̀ wé dáadáa, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, gbogbo ìkíni tó ti há a lọ́fun láti bí ọjọ́ méjìlá sì tú jáde.

"Ẹ káàbọ̀ mà, Àlàájà wa. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ẹ kú gbágungbàgun ọ̀nà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ńkọ́, eékún tó ń dùn yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìmúra Iléyá, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé." Ó wá yíjú sí Fákọ̀yà, kò dìde. "Ẹ̀yin náà, ọ̀gá wa, ẹ káàárọ̀ sà. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti fẹ́ wí i. Ẹ ṣé àná. Ẹ ṣé tí ẹ fọwọ́ sí i ká dúńbú àgbò tó jẹ ọ̀rá kó tó di òkúǹbete. Ìwé náà ló wà lára ògiri yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ dojú kọ wá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, itan ọ̀tún tí mo fi rán dẹ́rẹ́bà sí yín ní Ìtẹ̀lé, ṣé ó rọ̀?"

Gbogbo ọ́fíìsì dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdákẹ́jẹ́ gidi ni.

"Ìjìnlẹ̀—" Seth bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ìyókù mì.

Àlàájà fa ìwé náà já lára ògiri. Ó yí i. Ó wo epo, ó wo àmì kọfí, ó wo ìfọwọ́sí. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà pe Ìyá Ayọ̀kúnnúmi, kó sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ.

"Ìyàwó mi, ẹran ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Háà, Àlàájà! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín!" ohùn náà gba inú fóònù jáde. "Bàbá Ayọ̀kúnnúmi fa eegun ẹ̀ mu! Mo fẹ́ ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́ níbi iṣẹ́, ìka ni wọ́n ń nà sí mi."

Ẹ̀rín bú láti ojú fèrèsé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páànù lọ. Àlàájà tú òwú pupa kúrò lára fọ́tò Àdìzát, ó fà á, ó sì rọra so ó mọ́ ọrùn súwẹ́tà Fákọ̀yà.

"Akínwándé," ó wí. "Tí mo bá ń kiri bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ẹnu ìkíni ni mo ti ń mọ ilé tí wọ́n ti bímọ, ilé tí wọ́n ti ń múra ìyàwó, àti ibi tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n kí òun, kí ló fẹ́ gbọ́? Ọ́fíìsì yìí ti tutù jù fún ẹ. Géètì lò ń lọ. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀, wàá kí i dáadáa, wàá béèrè ará ilé rẹ̀. Fàlílù ló máa mójú tó ẹ."

Seth, wọ́n dá a padà sí ìdí ẹ̀rọ tó ń lọ ike, níbi tí ariwo ò ti ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìjìnlẹ̀ mọ́. Àlàájà sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé Àdìzát lọ sí Àtàn, ó wọ ilé àwọn àna, ó kí wọn fún odidi wákàtí kan, ó sì jẹ́rìí rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Ọjọ́ yìgì ò yẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, oòrùn ti mú láti aago méje. Fákọ̀yà dúró lẹ́nu géètì nínú yúnífọ́ọ̀mù tó fún un lọ́rùn, kò sí súwẹ́tà. Fàlílù jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi tẹ̀sùbáà ka iye èèyàn tó kí. Àdìzát sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Kántíìnì. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Àdìzát dúró. Ó wo ọ̀nà jíjìn, níbi tí tírélà ti ń já ẹrù. Ó na ìka kan sókè. Òógùn ń já bọ́ lágbárí Fákọ̀yà, ó ń retí. Nígbà tó ti tó àkókò téèyàn lè fi ké Fàtíà tán, ẹ̀rín bú lẹ́nu obìnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Dáadáa la jí. Ìyá Ayọ̀kúnnúmi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti múná wá sí Ìtẹ̀lé?"

Ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọ́n múná wá, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó pẹ́. Àdìzát kí i kú ìdúró, ó sì kọjá lọ. Ó ti dé ẹ̀bá igi máńgòrò kí ó tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ìyá Kántíìnì, ẹ jọ̀ọ́."

Ó yíjú padà.

Fákọ̀yà ń wolẹ̀. "Ẹ ṣé ijọ́sí," ó wí. "Itan yẹn. Ó rọ̀ dáadáa."